Bí A Ṣe Ń Yan Táyà Tuntun fún Jíìpù Ẹbí

Nígbà tí táyà jíìpù bá ti ń pá, ohun méjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bèèrè lọ́wọ́ ontáyà ni iye owó rẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é. Ìbéèrè méjèèjì ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè sọ fún yín bóyá táyà náà yóò gbé bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ẹrù ọdún láti Èkó dé Ìlọrin ní ọ̀sán gangan láìbẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa, iṣẹ́ mẹ́ta ni táyà jíìpù ẹbí gbọ́dọ̀ lè ṣe kí a tó sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀ rárá: kí ó ru ẹrù, kí ó fara da ooru, kí ó sì di ọ̀dà mú nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Mo fi Toyota 4Runner tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2003 sí 2009 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó pọ̀ ní ìgboro, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ń lò ó. Ẹni tí ó ní Highlander, RAV4, Prado tàbí Pathfinder yóò kàn fi nọ́ńbà ọkọ̀ tirẹ̀ rọ́pò ti inú àpẹẹrẹ yìí ni.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ka ìwé ẹnu ilẹ̀kùn

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, kí ẹ sì wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa mọ́. Ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tí ó ń sọ ìwọ̀n táyà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí, àti iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó wà nínú táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn nígbà tí táyà bá tutù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín kí ẹ tó lọ sí ọjà. Bí ìwé náà bá ti ṣí dànù, tàbí bí àwọn tó tún ọkọ̀ náà kùn bá ti fi ọ̀dà bò ó, ìwé ìlò ọkọ̀ náà ní nọ́ńbà wọ̀nyí nínú.

Ẹ má ṣe wo táyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ kàn da nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jíìpù wa, wọ́n sì ti lè kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn ti fi ríìmù ńlá sí i nítorí fáàrí, tàbí kí ó ti ra ohun tí ó bá lọ́jà ní ọjọ́ tí táyà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Bí ríìmù tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kò bá bá ìwé ẹnu ilẹ̀kùn mu, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ríìmù tí ó bá a mu, kí ẹ tó náwó sórí táyà. Ríìmù 20 tí táyà rẹ̀ kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dára lójú lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó ń gba ìyà kòtò kí ríìmù má baà gbà á. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ náà bá ti kúrú, ríìmù yóò tẹ̀, okùn inú táyà yóò já, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Táyà tí ó bá ti wú báyẹn kò ní àtúnṣe, pípààrọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà ń sọ

Ọ̀pọ̀ 4Runner ìgbà yẹn tí ó wà lórí ríìmù 17 ń lo 265/65R17. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí wọ́n kọ 265/65R17 112S sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Nọ́ńbà 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 172. Lẹ́tà R ni ti rádíà, irú èyí tí gbogbo jíìpù òde òní ń lò, 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì. Bí ẹ bá ṣírò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ríìmù, gíga táyà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè yóò jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 776.

Ó wúlò láti mọ ìṣirò yìí nítorí pé bí ìwọ̀n tí ẹ ń wá kò bá sí lórí àtẹ, ontáyà yóò fi èyí tó sún mọ́ ọn lọ̀ yín. Ó lè sọ pé 265/70R17 náà ni, pé yóò wọlé. Yóò wọ ríìmù lóòótọ́, àmọ́ gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 803, ìyẹn sì fi ohun tó lé ní ìdá 3 nínú 100 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí aago ọkọ̀ bá ń fi kìlómítà 100 hàn, kìlómítà 103 ní wákàtí ni ẹ ń sá ní ti gidi. Ọkọ̀ yóò wúwo díẹ̀ láti gbéra, bírékì yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó dúró, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ dé òpin. Ààlà tí mo máa ń lò ni ìdá 3 nínú 100, sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀. Ohun tó bá kọjá èyí, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn kì í kà ni 112 tí ó kẹ́yìn, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ẹ fojú sí jù. Ó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí táyà kan lè gbé: 112 jẹ́ kìlógíráàmù 1,120, 104 jẹ́ 900, 102 jẹ́ 850, 100 sì jẹ́ 800. Lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e ń sọ eré tí táyà náà lè sá pẹ̀lú ẹrù náà lórí: S jẹ́ kìlómítà 180 ní wákàtí, T jẹ́ 190, H sì jẹ́ 210. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré lè ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ, wọn kò gbọdọ̀ relẹ̀ sí i. Ẹ lè rí táyà méjì tí ìwọ̀n wọn jọra délẹ̀, tí nọ́ńbà ẹrù ọ̀kan sì kéré sí ti èkejì, tí owó rẹ̀ náà sì wálẹ̀ díẹ̀. Ontáyà kì í sábà sọ ìyàtọ̀ yẹn, bóyá nítorí pé òun náà kò wò ó.

Ẹ ó tún rí àwọn táyà tí lẹ́tà LT ṣáájú nọ́ńbà wọn. Fún ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe irú èyí. Ó nípọn, ó sì máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju ti ìwé ẹnu ilẹ̀kùn lọ kí ó tó lè gbé ẹrù kan náà. Bí kì í bá ṣe pé ẹ ń fi jíìpù náà kó símẹ́ńtì tàbí èso oko lójoojúmọ́, ìnira lásán ni yóò jẹ́ fún àwọn tó jókòó sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ro ti ooru

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone kéde ní Amẹ́ríkà pé òun ń gba táyà mílíọ̀nù 6.5 padà. Púpọ̀ nínú wọn wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer, jíìpù tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò níbẹ̀ nígbà náà. Ojú táyà náà ni ó ń bó kúrò lára rẹ̀ lórí eré, tí ọkọ̀ sì ń dojú dé, tí ó fi di pé ènìyàn tó lé ní 200 kú. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, bíi Texas àti Florida. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì di ẹ̀bi ru ara wọn lórí bí wọ́n ṣe ṣe táyà náà àti bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: afẹ́fẹ́ 26 psi péré (psi ni ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà) ni ìwé ẹnu ilẹ̀kùn Explorer ní kí wọ́n fi sínú táyà náà.

Bí afẹ́fẹ́ bá kéré nínú táyà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, yóò sì máa nà ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí po, títẹ̀ náà sì ni ó ń bí ooru. Ẹ fi ẹrù púpọ̀, eré púpọ̀ àti ọ̀dà tí oòrùn ti ń yan láti òwúrọ̀ kún un, ooru inú táyà yóò ju èyí tí ó lè tú jáde lọ. Rọ́bà tí ó so okùn àti wáyà inú táyà pọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀, láìsí àmì kankan lóde, títí di ọjọ́ tí yóò bó lójijì lórí eré. Ẹni tí ó bá mọ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọ̀sán oṣù kẹta mọ̀ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Texas tí kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ TEMPERATURE lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì wo lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. A ni ó dára jù, B tẹ̀ lé e, C sì ni ìwọ̀n tí ó kéré jù tí òfin Amẹ́ríkà gbà. Fún ilẹ̀ wa, A ni kí ẹ mú. Ọ̀rọ̀ TRACTION náà wà níbẹ̀, ó ń sọ bí táyà ṣe lè dúró sí lórí ọ̀dà tó tutù. AA tàbí A ni kí ẹ gbà. TREADWEAR ni nọ́ńbà tí ontáyà fẹ́ràn láti fi polówó, pé èyí jẹ́ 600, pé yóò pẹ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fún táyà tirẹ̀ ní nọ́ńbà yìí lẹ́yìn ìdánwò, nítorí náà ẹ fi wé táyà mìíràn láti ilé iṣẹ́ kan náà, ẹ má fi wé ti ẹlòmíràn. Táyà LT àti táyà òtútù kò ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lára.

Táyà òtútù gan-an ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Láti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà wa ti ń wá, níbi tí wọ́n ti máa ń pààrọ̀ sí táyà mìíràn nígbà ìrì dídì. Wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe é kí ó lè di ilẹ̀ mú nígbà tí ooru bá wálẹ̀ sí ìwọ̀n Celsius 7 àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ooru ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lókè 25, yóò máa jẹ kíákíá, bírékì yóò sì máa fà kí ó tó dúró. Ẹ ó fi àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí àmì ìrì dídì wà nínú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, àti àwọn ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó kún ojú rẹ̀. Àwọn táyà kan tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà àti ilẹ̀ erùpẹ̀ náà ní àwòrán yẹn, nítorí náà ẹ wo méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀

Ilé iṣẹ́ Michelin ti pa ibi tí ó ti ń ṣe táyà ní Port Harcourt dé ní ọdún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkejà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, ojú òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà wa ń gbà wọlé, ó sì lè pẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kí ó tó dé àtẹ. Táyà tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí lè ti gbó.

Ẹ wá lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí ọ̀wọ́ lẹ́tà náà ni ọjọ́ ìbí: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí táyà náà padà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí nígbà mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́ta péré fi hàn pé kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ má dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe táyà ni àjọ FRSC tó ń ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà máa ń kéde pé ó yẹ kí a lò ó mọ. Bí táyà bá ti lo ọdún méjì lórí àtẹ, ìdajì ayé rẹ̀ ti lọ, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti ná an wálẹ̀ tàbí láti kọ̀ ọ́. Tòkunbọ̀ tí ó dé láti òkè òkun ti sábà kọjá ọdún mẹ́rin náà kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi í sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tí ọmọ yóò wọ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jin tó ti tuntun.

Àrékérekè kan tún wà tí àjọ SON, tí ó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí ń kó táyà wọlé máa ń ki táyà kan bọ inú òmíràn, nígbà mìíràn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹyọ kan, kí kọ̀ǹténà kan lè gba púpọ̀. Etí táyà, níbi tí ó ti ń di ríìmù mú, máa ń ká, wáyà inú rẹ̀ sì máa ń tẹ̀. Ẹ gbé táyà náà dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì fi ìka yín tọ etí rẹ̀ yí ká. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ká kò, ibi tí ó yọ kókó, tàbí ẹ̀gbẹ́ tí kò tẹ́jú dọ́gba, ẹ dá a padà. Ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate Ìbàdàn, kò sí ontáyà tó mọyì oníbàárà tí yóò bínú pé ẹ yẹ táyà wò; èyí tí ó bá bínú ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Irú ojú táyà

Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti ń jiyàn jù, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. H/T ni táyà ọ̀dà, A/T ni ti ọ̀dà àti ilẹ̀ erùpẹ̀, M/T sì ni ti ẹrọ̀fọ̀. Jíìpù tí ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ń lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tí ó sì ń lọ sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, H/T ni ó bá a mu, àní bí kòtò tilẹ̀ kún àdúgbò yín. Ẹni tí ọ̀nà oko rẹ̀ máa ń di ẹrọ̀fọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá lè mú A/T, kí ó gbà pé ariwo yóò pọ̀ díẹ̀, epo yóò lọ díẹ̀ sí i. M/T kì í ṣe ti ẹbí. Àlàfo ńlá tí ó wà lójú rẹ̀ dára nínú pòtòpótò, ṣùgbọ́n rọ́bà tí ń kan ilẹ̀ lórí ọ̀dà kéré, a ó sì mọ̀ ọ́n lára ọkọ̀ ní ọjọ́ òjò tí a bá tẹ bírékì lójijì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Mẹ́rin ni, àbí méjì?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé fóò-wíìlì ni jíìpù yín. Ọ̀pọ̀ Highlander àti RAV4 tí a ń pè bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì wọn ń fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: bí ẹ kò bá rí ọ̀pá gígùn tí ó ń yí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn lára irú ọkọ̀ méjì wọ̀nyí, kì í ṣe fóò-wíìlì.

Bí ó bá jẹ́ fóò-wíìlì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jọra ní ìwọ̀n, ní irú, àti ní jíjìn ojú. Ìdí rẹ̀ ni pé táyà tí ó ti jẹ kéré ju tuntun lọ, ó sì máa ń yí po nígbà púpọ̀ jù lórí ọ̀nà kan náà. Ẹ̀rọ tí ó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn yóò rò pé ẹsẹ̀ kan ń yọ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, yóò sì máa gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó táyà mẹ́rin lọ dáadáa. Nínú jíìpù tí a ń fi ọwọ́ ara wa tan fóò-wíìlì rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń sinmi nígbà tí a kò bá tàn án, ewu náà sì dínkù. Nínú èyí tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò sí ìsinmi. Bí ìyàtọ̀ jíjìn ojú táyà bá ti ju mìlímítà 2 lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀, àyàfi bí ìwé ìlò ọkọ̀ yín bá sọ ohun mìíràn.

Bí owó kò bá ká ju méjì lọ, tí ìyàtọ̀ náà kò sì kọjá ààlà, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí. Mo mọ̀ pé iwájú ni fọkanáísà yóò fẹ́ fi í sí, pé iwájú ni ọwọ́ ọkọ̀ wà. Bí táyà iwájú bá yọ̀ nínú omi, ọkọ̀ yóò kọ̀ láti yà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ ó sì dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ yóò yí padà kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìwọ̀nba àwọn dẹ́rẹ́bà ni ó sì lè gbà á padà.

Ẹ má gbàgbé táyà karùn-ún. Táyà àfipamọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà ń darúgbó, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ní ìdí fọkanáísà

Láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ Firestone ni òfin Amẹ́ríkà ti pọn ọn ní dandan pé kí ọkọ̀ ní ohun tí yóò máa sọ fún dẹ́rẹ́bà bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀, àwọn jíìpù tí wọ́n ṣe fún ọjà wọn láti ọdún 2008 sì ní in. Inú ríìmù ni ẹ̀rọ kékeré náà wà ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn fáàfù gan-an. Ẹ sọ fún fọkanáísà kí ó tó ki irin bọ etí táyà, nítorí pé ìkọlù kan ti tó láti fọ́ ọ. Ẹ ní kí ó fi fáàfù tuntun sí i níbi tí fáàfù bá jẹ́ rọ́bà, kí ó ha ìpẹtà etí ríìmù kúrò, kí ó sì wo ọfà tàbí ọ̀rọ̀ OUTSIDE tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ó má baà gbé e kọ òdì. Lẹ́yìn náà ni báláńsì, kí ẹ tó lọ ṣe àlàìnmẹ́ǹtì. Ẹni tí ó bá fi táyà tuntun sórí àlàìnmẹ́ǹtì tí ó ti yẹ̀ yóò rí i pé apá kan ti pá kí ọdún tó yí po.

Ẹ ra gééjì tiyín, kí ẹ sì gbé e sínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn sọ ni kí ẹ fi sí i, ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Nọ́ńbà psi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà fúnra rẹ̀, bíi 44 tàbí 51, ni òpin tí táyà náà lè gbà, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín nílò. Bí táyà bá ti gbóná, gééjì yóò fi iye tó ga hàn. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ náà dànù, nítorí pé nígbà tí ó bá tutù yóò kéré jù. Ní ti naitirojín-ìn tí àwọn kan ń tà, ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí ti jẹ́ òun tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo rò pé gééjì ni kí ẹ fi owó yẹn rà.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí kìlómítà 100, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún. Ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000, ẹ pààrọ̀ àyè táyà kí wọ́n lè máa jẹ pọ̀. Bí òjò bá ti ń bọ̀, ẹ fi nǹkan wọn jíjìn ojú wọn: mìlímítà 1.6 ni àwọn òkè kékeré inú àlàfo ojú táyà ń sàmì sí, àmọ́ èmi kì í dúró dé ibẹ̀, láti mìlímítà 3 ni mo ti máa ń wá owó òmíràn.

Ohun kan tí ó kù ni táyà àlòkù. Ẹ má fi sílẹ̀ fún fọkanáísà lódindi, nítorí pé ẹlòmíràn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ẹ ní kí ó fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ wọn lójú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.